HMV 101 tí sípíríǹgì rẹ̀ já: ẹ mọ ọdún ẹ̀rọ kí ẹ tó ra ẹ̀yà

Ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì ni HMV 101 (HMV ni His Master's Voice), gírámáfóònù alágbèéká dúdú, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, tí kò nílò iná mànàmáná. Bó ṣe dé nìyí: ọwọ́ ìyí ń yí láìdúró, kò gba agbára kankan, orí tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ ti là lẹ́yìn, síkúrúù mẹ́rin ti sọnù lára pátákó mọ́tò, wọ́n sì ti fi méjì oní-ìràwọ̀ dí lára àwọn ihò náà, aṣọ orí páànù tí àwo ń jókòó lé ti jẹrà. Bébà kan wà nínú ìdérí tí ẹnì kan kọ «1915» sí.

Bébà yẹn la kọ́kọ́ yanjú. Ọjọ́ orí ẹ̀rọ ló ń sọ irú ẹ̀yà tó máa gbà, ẹni tó bá sì ra ẹ̀yà kó tó mọ ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa rà á. Orúkọ HMV tó wà lára ìdérí kò tó láti fi béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ọjọ́ orí

Iléeṣẹ́ Gramophone Company tó wà ní Hayes, ní ìwọ̀ oòrùn London, ló ṣe 101. Ọdún 1925 ni wọ́n gbé e jáde, 102 sì gba ipò rẹ̀ ní 1931. Nítorí náà, 1915 kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni pé ibo ló bọ́ sí láàárín ọdún mẹ́fà yẹn.

Ihò ọwọ́ ìyí ni ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn 101 àkọ́kọ́, iwájú àpótí ni wọ́n ti ń yí wọn. Kò pẹ́, ní nǹkan bí ìparí 1926, tí wọ́n fi gbé ihò náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Tiwa, ẹ̀gbẹ́ ni, nítorí náà kì í ṣe ti àkọ́kọ́ pátápátá. Ẹ ṣọ́ra o: ẹ fọwọ́ pa ara rẹ́síìnì (aṣọ bí awọ tó bo àpótí) níwájú wò, bóyá wọ́n ti dí ihò kan mọ́lẹ̀, torí àwọn kan máa ń gbé mọ́tò ẹ̀rọ kan sínú àpótí òmíràn.

Ìkejì ni àwọ̀ irin tó ń dán. Níkẹ́ẹ̀lì ló wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú 101. Bó bá dàgbà, ó máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, á sì ṣú. Kúróòmù máa ń funfun ní tirẹ̀, ó máa ń ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, kì í sì í ṣú bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àkísà tó gbẹ nu ibì kan tí ọwọ́ kì í dé, bí abẹ́ apá (irin tó gbé orí abẹ́rẹ́ dání), kí ẹ tó wò ó. Apá ẹ̀rọ yìí, níkẹ́ẹ̀lì ni. Ìdè ẹnu àpótí rẹ̀, kúróòmù ni. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìyẹn pé wọ́n ti tún un ṣe rí.

Ìkẹta ni nọ́ńbà ẹ̀tọ́ àrà, ìyẹn nọ́ńbà «Patent» tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin tàbí bébà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dé òpin 1915, ọdọọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ ọdún mọ́ nọ́ńbà. Láti 1916 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti 100,001, tí kíkà náà kò sì dá mọ́. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà oní-dígíìtì mẹ́fà tí kò ní ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ náà kò lè ṣáájú 1916. Nọ́ńbà yìí kì í sọ ọdún tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ o. Ó kàn ń sọ ọdún tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣáájú ni. Wọ́n lè lo ẹ̀tọ́ àrà 1923 lára ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní 1930.

Ìkẹrin, orúkọ iléeṣẹ́. Ní 1931 ni Gramophone Company àti Columbia para pọ̀ di EMI. Ibikíbi tí lẹ́tà EMI bá ti jáde lára ẹ̀yà kan, ẹ̀yà náà kò ṣáájú ọdún yẹn.

Orí la fi ṣe ìkẹyìn, torí òun ló máa ń purọ́ jù. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Tiwa ní «No. 5B» lára, pẹ̀lú awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú. Ìgbà 102 ni 5B, kì í ṣe ìgbà 101. Ó wọ ẹnu apá, ìyẹn ló sì ń tan èèyàn jẹ. Orí tí 101 bá wáyé ni No. 4, tí awọ rẹ̀ jẹ́ máíkà, òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì.

Síkúrúù oní-ìràwọ̀ méjì yẹn náà ń sọ̀rọ̀. Àárín àwọn ọdún 1930 ni irú rẹ̀ tó jáde. Síkúrúù fíláàtì ni ti 101.

Ìdájọ́: àpótí, mọ́tò àti apá jẹ́ ti ara wọn, láàárín ìparí 1926 sí 1931, orí, ìdè ẹnu àti síkúrúù méjì jẹ́ àlejò.

Bí kì í bá ṣe HMV lẹ ní lọ́wọ́, ọ̀nà kan náà ni. Decca ti ń ta alágbèéká láti 1914, àwọn sójà sì gbé e lọ sójú ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nípa abọ́ irin inú ìdérí rẹ̀ tó ń ju ohùn jáde. Columbia tí wọ́n kọ «Viva-tonal» sí jẹ́ ti ìparí àwọn ọdún 1920, lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi máíkì oníná gba ohùn ní 1925. Àpótí tí kò ní orúkọ rárá, ẹ wo mọ́tò rẹ̀: Thorens ti Switzerland tàbí Garrard ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ lè bá níbẹ̀, orúkọ mọ́tò yẹn lẹ ó sì fi wá ẹ̀yà. Èyí tó ní ìwo bàbà ńlá, tí wọ́n lẹ àwòrán ajá, àmì HMV, mọ́, tí bàbà rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra á, ẹ fi sílẹ̀. India ni wọ́n ti ń to púpọ̀ nínú wọn fún àwọn arìnrìn-àjò, ẹ̀yà ojúlówó kì í bá wọn mu.

Ìgbésẹ̀ 2: Títú

Irinṣẹ́: sukurúdíráfà fíláàtì mẹ́ta tí ẹnu wọn kún ojú síkúrúù dáadáa, fáníà fún wíwọn nǹkan, pílàásì, ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn, gíláàsì ojú, kẹrosíìnì lítà méjì, búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́, agolo mílíìkì mẹ́fà fún síkúrúù. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Páànù kọ́kọ́. Orí ọ̀pá tó tín-ín-rín lókè ló jókòó lé. Ẹ fi ìka gbé e sókè lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹlòmíràn fi igi gbá orí ọ̀pá jẹ́jẹ́. Ẹ má fi sukurúdíráfà wọ́ etí páànù sókè. Ó máa wọ́, àwo á sì máa jó lórí rẹ̀ títí láé.

Kí mọ́tò tó jáde, ẹ tú bíréèkì sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sáré títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ̀mí wà níbí. Bí ẹ bá yọ gọ́fánọ̀, ẹ̀yà tó ń dín eré mọ́tò kù, nígbà tí agbára ṣì wà nínú sípíríǹgì, kò sí ohun tó máa dá gíà dúró mọ́, eyín wọn á fò dànù, ọwọ́ yín náà á sì gbà nínú rẹ̀.

Ọwọ́ ìyí tó ń yí láìdúró kò túmọ̀ sí pé sípíríǹgì ló já dandan. Ẹ tẹ́tí. Bí kò bá sí «ta-ta-ta» rárá bí ẹ ṣe ń yí i, ọwọ́ ìyí tàbí eyín ìdádúró (èyí tí kì í jẹ́ kí ìyí padà sẹ́yìn) ló ní àìsàn. Bí «ta-ta-ta» bá wà, tí ó wá ń le díẹ̀, tó sì bọ́ pẹ̀lú «gbì» kan, sípíríǹgì ti bọ́ lórí ìkọ́ rẹ̀ tàbí ó ti já. Tiwa, «gbì» ló ń dún.

Ìgbésẹ̀ 3: Sípíríǹgì

Sípíríǹgì náà wà nínú agolo irin yípo kan. Kódà bí kò bá ní agbára ìyí nínú mọ́, ó ṣì ń ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri agolo, tó bá sì fò jáde, ó lè gé èèyàn dé egungun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ di agolo mú sínú àpò ìrẹsì, ẹ fi pílàásì mú òpin àárín, kí ẹ máa fà á jáde ní ìká kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ kejì máa dá èyí tó kù dúró.

Gíríìsì àtijọ́ ti dì bí ọ̀dà títì. Wákàtí mẹ́rìnlá ni sípíríǹgì lò nínú kẹrosíìnì kó tó mọ́. Ẹ má fi bẹntiróòlù ṣe é nínú ilé.

Ibi tó ti já: sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí òpin ìta, níbi ihò tó ń wọ ìkọ́ agolo. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Sípíríǹgì tó bá já ní àárín, ẹ jù ú nù. Èyí tó já lẹ́bàá òpin ṣeé tún ṣe, torí dídín sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kù nínú irin tó gùn tó mítà mẹ́ta, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ bàjẹ́. A fi iná gáàsì sun òpin tuntun náà kó lè rọ̀ fún dírílì, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni ooru gbà. Irin tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ kò lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Nígbà tí a yí i kún, òpin náà tẹ̀ sínú, ó sì bọ́ lórí ìkọ́. A gé sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá yẹn kúrò.

Ìgbìyànjú kejì: a fi àkísà tútù wé sípíríǹgì láti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, kí ooru má baà kọjá. A sun sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré títí ó fi pọ́n bí ẹyin iná, a wá jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. A kò bọ̀ ọ́ sómi, torí omi á mú un le padà. A dá ihò, a fi fáìlì fẹ̀ ẹ́ bí omijé: ibi tó tóbi fún wíwọlé, ibi tóóró fún dídúró lórí ìkọ́. A fi sánpépà pa etí ihò náà títí tí kò fi gé ọwọ́, torí níbi ìlà kékeré kan ni já tuntun ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ ohun tó lọ: sẹ̀ǹtímítà 16.

Bó bá jẹ́ tuntun lẹ máa rà, ẹ wọn nǹkan mẹ́rin: fífẹ̀, nínípọn, inú agolo láti etí dé etí, àti ọ̀pá àárín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gígùn èyí tó já, ẹnì kan lè ti gé e kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Gígùn tó yẹ ni kí sípíríǹgì gba ìdajì àyè tó wà láàárín ọ̀pá àti agolo. Ìṣirò rẹ̀: ẹ fi ìwọ̀n inú agolo sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi ìwọ̀n ọ̀pá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ yọ ti ọ̀pá kúrò nínú ti agolo, ẹ sọ èyí tó kù di ìlọ́po 3.14, kí ẹ fi ìlọ́po mẹ́jọ nínípọn pín in. Agolo tí inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 70, ọ̀pá 20, nínípọn 0.6, yóò gba nǹkan bí mítà 2.9. Ẹ sọ fún olùtajà pẹ̀lú bóyá ihò ni òpin ìta ní tàbí ìkọ́. Bí ìyẹn bá yàtọ̀, gbogbo ìwọ̀n yòókù ti di asán.

Gíríìsì: àṣìṣe kejì wà níbí. Gíríìsì àsùlù ọkọ̀ la kọ́kọ́ fi sí i, ó sì ki jù. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ìká sípíríǹgì ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n wá ń já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: «gbì... gbì...», abẹ́rẹ́ sì ń fò lórí àwo. A tú u padà, a fọ̀ ọ́ mọ́, a po basilíìnì pẹ̀lú ẹ̀tù gíráfáìtì títí ó fi dúdú bíi tìróò, a sì pa ṣíbí tíì kan àti ààbọ̀ mọ́ gbogbo ara rẹ̀. «Gbì» kò dún mọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Gọ́fánọ̀

Òjé mẹ́ta lórí irin pẹlẹbẹ mẹ́ta ni, tí wọ́n ń là síta bí eré bá ti ń pọ̀, tí àwo kékeré kan á sì máa fi ara gbo awọ láti dín eré kù. Ọ̀kan nínú irin pẹlẹbẹ náà ti ya ní ihò síkúrúù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́, tuntun le ju àtijọ́ méjì lọ, gọ́fánọ̀ wá ń gbọ̀n, orin sì ń mì bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kadà.

Awọ tó ń gbo ti gbẹ bí igi. A gé tuntun lára awọ bàtà tó nípọn tó mìlímítà méjì, ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ méjì sì tó o. Ọ̀pá gọ́fánọ̀ gbọ́dọ̀ lè sún síwá-sẹ́yìn díẹ̀ẹ́, tó fífẹ̀ irun orí, kó sì máa yí bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bó bá ń ké, ẹnu rẹ̀ ti wọ eyín gíà jù. Ẹ tú síkúrúù ibi tó jókòó, ẹ yí ìjókòó náà díẹ̀, ẹ dì í padà, kí ẹ tún tẹ́tí.

Ìgbésẹ̀ 5: Orí

Ẹ̀yìn 5B yẹn jẹ́ àpòpọ̀ síǹkì, irú èyí tó máa ń wú fúnra rẹ̀ tó bá dàgbà, tí yóò sì là. Kò sí gọ́ọ̀mù tó ń wò ó sàn. A ra No. 4 àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: £35, àti £14 fún fífi ránṣẹ́. Ohun tó gba owó jù nìyẹn nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ bèèrè fọ́tò ẹ̀yìn orí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gbé máíkà rẹ̀ síwájú ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá rí òrùka funfun bí ìpẹ́ ẹja, ìpele rẹ̀ ti ń ya kúrò lára ara wọn.

Rọ́bà yípo tó di máíkà mú ti le bí egungun, ohùn á sì fẹ́lẹ́ bí ẹni pé inú agolo ni akọrin wà. A fi rọ́bà ojú fáàfù kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀, irú tó rọ̀ tó ní ihò nínú. Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ṣì ń tà á. A gé ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí ẹnu méjèèjì kan ara wọn gan-an. Lákọ̀ọ́kọ́, àlàfo mìlímítà méjì ṣẹ́kù láàárín ẹnu wọn, gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ sì sá lọ níbẹ̀. A gé òmíràn.

Àárín máíkà ni ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ ti fi síkúrúù kékeré dè é. Síkúrúù yìí kò gbọ́dọ̀ le jù, máíkà á ya. Bó bá ti jókòó, ẹ gbé ìṣó gbóná sí ìda oyin, kí ẹ kán ẹ̀kán kan lé e lórí. Ìda yẹn ló ń dí ihò tí atẹ́gùn lè gbà. Ẹ di àwọn síkúrúù ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa bọ́ sí òdìkejì, bí ìgbà tí ẹ ń di nọ́ọ̀tì táyà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná fọwọ́ kan ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ gbẹ́rẹ́: ó yẹ kó dún bí àdàmọ̀ kékeré tí awọ rẹ̀ fà dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 6: Síkúrúù

Òwú BA (ìwọ̀n síkúrúù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, British Association) ló wà lára ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, kì í ṣe ìwọ̀n M ti mìlímítà, bíi M4 àti M5. Èyí ti ba ẹ̀rọ púpọ̀ jẹ́. 2BA nípọn tó mìlímítà 4.7, àlàfo òwú rẹ̀ jẹ́ 0.81, 4BA jẹ́ 3.6, òwú rẹ̀ 0.66, 6BA jẹ́ 2.8, òwú rẹ̀ 0.53. M5 máa ń wọ ihò 2BA ní ìyí méjì, yóò wá le. Bí ẹ bá fi agbára kún un, òwú ihò ti lọ nìyẹn. Ẹni tó fi síkúrúù oní-ìràwọ̀ sí tiwa ti ba ihò kan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ọjà Ládípò, M4 àti M5 ló kún ibẹ̀. BA, ẹ lọ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ògiri àti rédíò àtijọ́ ṣe, tàbí kí ẹ ra ẹyọ ogún láti òkè òkun, kò wúwo.

Ìgbésẹ̀ 7: Eré

Ìyí 78 ní ìṣẹ́jú kan la fẹ́. Bébà yípo tí ìlà dúdú 77 wà ní etí rẹ̀, tí ẹ bá gbé e sórí páànù lábẹ́ iná mànàmáná 50 Hz, irú tó ń wọ ilé, ìlà náà á dà bíi pé ó dúró nígbà tí eré bá jẹ́ 77.92. A gbìyànjú rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù LED, a kò rí ìlà kankan, torí ọ̀pọ̀ LED kì í ṣẹ́jú. A lọ sábẹ́ gílóòbù onírin pupa, ó hàn, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń gbé iná wá. Eré jẹnẹrétọ̀ ń lọ sókè-sódò, bébà sì ń purọ́ tẹ̀ lé e. Ohun tó ṣe é nígbẹ̀yìn rọrùn: bébà funfun kékeré sí etí páànù, aago, ká kà á ní ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógójì ní ìṣẹ́jú àáyá 30, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lórí àwo. Ẹ má kà á láìsí abẹ́rẹ́ lórí àwo, torí ìwúwo rẹ̀ máa ń dín eré kù.

Àbájáde

Yíyí kan tó kún gbé ojú kan àwo ínǹṣì mẹ́wàá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìsí ìmì. Abẹ́rẹ́ irin tuntun fún ojú kọ̀ọ̀kan, láìṣe àwáwí. Abẹ́rẹ́ tí a ti lò, tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, ń gbẹ́ àwo bíi fáìlì. Ẹ má sì gbé LP, àwo oníke ti ìgbà tó tẹ̀ lé e, sórí rẹ̀ láéláé.

Máíkà No. 4 bá àwo tí wọ́n gbà láìsí máíkì oníná mu jù, irú èyí tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ fún iléeṣẹ́ àwo Zonophone ní London ní 1922. Lórí àwo ìgbà máíkì oníná, bí èyí tí Túndé King ṣe ní Èkó ní 1936, ó ń dún dáadáa, àmọ́ níbi tí orin bá ti le, ó máa ń gbọ̀n díẹ̀. Orí onírin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì là yóò dára jù fún irú àwo bẹ́ẹ̀. A ṣì ń wá ọ̀kan.

Bébà «1915» ti kúrò. Èyí tó wà lábẹ́ pátákó mọ́tò báyìí kà pé: «HMV 101, ìparí 1926 sí 1931. Orí No. 4 kì í ṣe èyí tó bá a wá. Ìdè ẹnu jẹ́ àlejò. A gé sípíríǹgì ní sẹ̀ǹtímítà 16 ní òpin ìta. Irin gọ́fánọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ tuntun. Ihò 2BA kan, lọ́wọ́ òsì lẹ́yìn, ti bàjẹ́.»